Ta Ló Wà Níbẹ̀?

Aago mẹ́rin ìdájí, ìkùukùu ṣì bo Àkàbà Ìdẹ̀nà,
mo ti gbé sẹmijàn mi dúró lẹ́nu ọ̀nà Olùkọ́ Felisité.
N kò fọn fèrè. Ó mọ ìró ẹ́ńjìnnì mi.
Ó jáde, ó ti we gèlè mọ́ orí tí irun ti re tán,
ó há ìwé àyẹ̀wò mọ́ abíyá ọ̀tún;
ọwọ́ òsì kò gbé nǹkan mọ́ láti ìgbà tí ọ̀bẹ ti kàn án.
"Rọra o, Mufutáù. Inú mi ò gba kòtò."

Ní gáréèjì, taasí ló kàn: Pobẹ̀, Sakété, Àjàṣẹ́, Kutọnu,
níbi tí oògùn pupa ti ń kán sínú iṣan
bí òjò tó ń ṣahun.
Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni dókítà dá.
Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì, owó tán.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.
Nígbà tí kókó yẹn kọ́kọ́ yọ lọ́mú rẹ̀, tó le bí ekùrọ́,
ọdún kan gbáko ló fi bò ó mọ́ abẹ́ bùbá.
Ẹnu wa ló ń bà á lẹ́rù.
Àwa náà la ní ayé ló ta á lọ́fà,
la ní kí ọmọ má fi ife rẹ̀ mumi.
Èmi alára ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn rí kí n má bàa kọjá nílé rẹ̀.
Mo ní epo ló tán. Epo ò tán.

Ọdún méjìlélógún ló fi pe orúkọ
nínú kíláàsì tí òrùlé rẹ̀ ń jò sí wa lórí.
"Okẹ́ Klemẹ́ńsì?" "Pẹrẹsán!"
"Adégbité Rafiátù?" "Pẹrẹsán!"
Bí o kò bá dáhùn, tó bá di ọ̀sán
wàá bá a lẹ́nu ọ̀nà yín, eruku pupa dé orúnkún rẹ̀,
tó ń bi ìyá rẹ bóyá ibà ni, bóyá bàtà ló já.
Bàtà tèmi já rí.
Okùn ìpẹja ló fi rán an.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ẹtì, níbùdó àwa ọlọ́kadà,
mo ra ìwé, mo fa ìlà sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ.
Wọ́n rò pé oòrùn ti mú mi.
"Okẹ́ Klemẹ́ńsì?"
Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó ka ẹgbẹ̀rún méjì sẹ́fà sí mi lọ́wọ́.
Rafiátù ò lówó; ó ní òun á máa pọnmi kún kẹ̀tẹ̀ rẹ̀,
ní ìlú tó mọ iyì omi yìí.
Ìyá Sémíù tó ń ta epo inú ìgò rọ lítà márùn-ún fún mi:
"Má sọ pé èmi ni o. A ò tíì parí ìjà wa."
Látúnjí ṣèlérí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá.
Mo fi àlàfo sílẹ̀ níwájú orúkọ rẹ̀. Àlàfo náà wà níbẹ̀.

Wọ́n ní àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.
Ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù fún un.
Ẹ wá fi tiyín kún un.
Ẹ má fi ojú òkú wò ó, ẹ má sunkún sí i lára.
Ẹ mú ata dání. Ẹ mú ọmọ yín tí kò mọ ìsọdipúpọ̀ wá,
kó rí ẹni bá wí.
Ẹ̀yin obìnrin, kí ẹ tó padà sílé,
ẹ fọwọ́ kan ọmú tiyín náà wò.
Bí ẹ bá bá kókó níbẹ̀, ẹ má fi ọdún kan bò ó.

Lówùúrọ̀ yìí mo gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́.
Ó yọ bírò pupa. Ó tún "Klemẹ́ńsì" kọ,
mo ti gbé àmì ohùn rẹ̀ sọ nù.
Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó gbójú sókè:
"Orúkọ tìẹ dà?"
Mo ti gbàgbé láti kọ ọ́.
"Pẹrẹsán," ni mo wí, ohùn mi kò sì jáde tán.
Ó gun ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó di ẹ̀wù mi mú.
Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé.